Ẹni tó fọ́n láfún mi ká ló ṣà á

Ẹni tó fi mọ́tò olówó ńlá fọ́n láfún mi ká lónìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á!

Mo sá a sétí títì abúlé wa bí a ti máa ń ṣe. Ọmọkùnrin yìí ré kọjá bí àṣá. Díẹ̀ ló kù kó gbá èmi náà. Kò dúró.

Àmọ́ títì ọlọ́dà parí níwájú. Ni ikùn ọkọ̀ rẹ̀ bá jókòó sórí òkìtì.

Ló bá fẹsẹ̀ rìn padà: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn tó máa tì í."

Mo ní, "Ṣa láfún mi ná."

Ó lóṣòó nínú ṣòkòtò funfun, ó ṣà á tán. Mo wá sọ fún un pé àwọn ọkùnrin ti lọ kírun Jímọ̀.

Ó ṣì ń dúró. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n gbé odó fún un kó máa gún láfún náà?