Ṣójà Ń Gbé Ibí

Ìjọba dá ọkọ mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣójà nígbà tí ogun tí wọ́n rán an lọ jà ní Òkè Ọya parí. Wọ́n gba yunifọ́ọ̀mù, wọ́n gba bàtà, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó sì wá bá mi nínú yàrá tí mo háyà ní Kétu.

Láńlọ́ọ̀dù pa àkùkọ lọ́jọ́ tó dé. Èmi òpònú, mo rò pé ìfẹ́ ni! Adìẹ ìrànà kì í kúkú ṣe ohun àjẹgbé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí ọ̀dà pupa lára fẹ́ǹsì, lábẹ́ “ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ”: “ṢÓJÀ Ń GBÉ IBÍ.” Láti ọjọ́ náà ni bàbá yẹn ò ti sanwó iná mọ́. Ó ní ta ló láyà láti gé iná ilé ṣójà?

Ọkọ mi kàn fẹ́ sinmi ni. Ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ ṣa tòmátì ní Mile 12, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é ní ṣójà, á sáré wọlé, á tilẹ̀kùn. Ta ló kàn? Mọ́tò dí géètì, “Ṣójà!” Wọ́n ń jà nídìí kànga, “Ṣójà!” Ìyá kan ní yàrá kejì tiẹ̀ ń fi dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀: “Jẹ ẹ̀wà ẹ kí n tó pe Ṣójà o!” Ọmọ á jẹ tiẹ̀ tán, ọkọ mi á ti tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń dùn mí wọra.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn oníná gbé àkàbà dé. Láńlọ́ọ̀dù ń gbá ilẹ̀kùn wa gbàgbàgbà: “Ṣójà, jáde! Kàn lejú mọ́ wọn!” Gbogbo ilé ti jáde wòran.

Ọkọ mi ró ìró mi mọ́dìí, ó rìn dé ìdí àkàbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú wa.”

Yéè! Oníná tó wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. “Daddy, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó bẹ̀ ẹ́ tán, ó gé iná náà.

“Ṣé ṣójà lèyí?” Láńlọ́ọ̀dù ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ láyà. “Rárá o, Daddy. Wọ́n ti dá mi sílẹ̀.”

Kílẹ̀ tó ṣú, bàbá náà ti ń fi ọ̀dà funfun pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ó ń ṣépè lábẹ́nu. Èmi ni mo bá a di korobá mú, tayọ̀tayọ̀. Nínú ilé, ooru ń mú, fáànù ò yí. Ọkọ mi jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó ní kí n bu sí i.