Àlájà Àbíjàn Méjì, Yàrá Kan

Mùtmàínà kì í ṣe ẹni tí í gbé ìwọ̀sí mì. Láti ìgbà tó ti ń ta aṣọ ní Àbíjàn, ẹni tó bá fojú tín-ín-rín wò ó yóò gba èsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n Iléyá ọdún yìí ká a mọ́. Òun àti Sìdíkàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé Èjìgbò, wọ́n bá ilé tó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́, ìjì ti ká gbogbo páànù pálọ̀ lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì gan-an ni àwọn àna Sìdíkàt ń bọ̀ láti ìlú Masifa, wọ́n fẹ́ wá mọ ìyá ìyàwó.

Ara rẹ̀ ò gbà á. Wọ́n á ní irú Àbíjàn wo ló lọ tí kò rí òrùlé fi bo ilé? Bí wọ́n bá torí ẹ̀ kẹ́yìn sí Sìdíkàt ńkọ́? Ó bá fóònù Oyèdèjì, máníjà òtẹ́ẹ̀lì kan, ó gba yàrá ńlá tó ní pálọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti gba àlejò, yóò sì ní wọ́n ń kun ilé òun lọ́wọ́. Irọ́ náà ti yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó pa á.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àtọmọ gbé ìkòkò ìrẹsì àti rọ́ọ̀gì tuntun wọ òtẹ́ẹ̀lì. Oyèdèjì rí wọn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àlájà, ta ló wá wà nínú yàrá yín?"

"Èmi lo ń bi?"

"Ẹ má bínú, mà. Obìnrin kan dé lánàá, ó ní Àlájà Àbíjàn lòun. Mo bá fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Lásìkò Iléyá tí gbogbo ará Àbíjàn ń wálé, ta ni kì í ṣe Àlájà Àbíjàn ní Èjìgbò? Orúkọ kan náà ni Mùtmàínà sọ lórí fóònù, kò dárúkọ mìíràn. Gbogbo yàrá yòókù sì ti kún. Ó bú Oyèdèjì bí ẹni láyin, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ gbá ilẹ̀kùn yàrá náà. Kò dúró kí wọ́n dáhùn kó tó wọlé.

"Ta ni aláìnítìjú tó..."

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú agbádá léèsì tuntun, ó dé fìlà, apá rẹ̀ kan rọ jọwọrọ. Obìnrin kan ń fi áńkáṣífù nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Páádọ̀n, Tàǹtí," obìnrin náà kúnlẹ̀. "Màríàm ni mò ń jẹ́. Ọkọ mi nìyí, Jímọ́ọ̀. Ọmọ Èjìgbò ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lánàá a délé ẹbí wọn. Ilé ńlá, òrùlé tuntun. Wọ́n ní ẹni tí ò wá sìnkú ìyá ẹ̀, àwọn ò mọ̀ ọ́n. A dúró títí, wọn ò ṣí géètì. Ó ti sùn lọ nínú mọ́tò, kò mọ̀. Nígbà tó jí níbí, ó rò pé ilé bàbá òun la wọ̀. Mi ò lè sọ fún un."

Kí lèèyàn ń pe irú ẹbí bẹ́ẹ̀? Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n.

Bàbá gbójú sókè. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ìyàwó ilé wa wo nìyẹn? Ṣé wọ́n ti gbọ́ pé mo dé?"

Mùtmàínà wẹ̀yìn. Sìdíkàt dúró lẹ́nu ọ̀nà, rọ́ọ̀gì wà léjìká rẹ̀. Àwọn ará Masifa á ti wà lọ́nà. Òun ló ni yàrá. Bó bá ní kí wọ́n kó jáde, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Gbogbo ilé ló ti gbọ́. A ti ń retí yín."

"Ó pẹ́," ni bàbá wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó pẹ́ lóòótọ́, bàbá. Ẹ káàbọ̀ sílé."

Ó bu ìrẹsì fún wọn, ó sì fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì, àwọn àna ńkọ́?" ni Sìdíkàt bi í níta.

"Ilé là ń lọ. Pè wọ́n, kí wọ́n bá wa níbẹ̀."

"Ilé tí ò lórùlé?"

Ó gbé ìkòkò ìrẹsì rù. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Àánú bàbá yẹn ò ní kí ìtìjú tirẹ̀ má dùn ún. Wọ́n gbá pálọ̀, wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú oòrùn. Wọn ò tíì simi tí mọ́tò Masifa fi dé.

Bàbá Irfan, bàbá ọkọ ìyàwó, ló ṣíwájú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wòkè, ó rí ojú ọ̀run kedere. Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e náà wòkè. Irọ́ àná ti dé orí ahọ́n Mùtmàínà, àfi bó ṣe rántí géètì tí wọn ò ṣí.

"Ìjì ló gbé òrùlé lọ, ẹ̀yin àna mi," ó wí. "Àmọ́ ilẹ̀kùn wa ṣí. Ẹ máa wọlé."

Bàbá Irfan tún wòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.