Wá, Mi Ò Ní Nà Ọ́

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Àgó-Ìwòyè ló fa ajá náà wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní onílé òun ò gba ajá láyè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má nà án o. Oúnjẹ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Tó bá ti ṣe dáadáa, ẹ fún un lẹ́ja, kí ẹ sì yìn ín."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì! Ajá wá di ẹni à ń bẹ̀! Ṣùgbọ́n ilé ti dá jù fún mi, mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀. Mo ra ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti Òde-Omi, mo rún un sápò aṣọ ilé mi. Màá ní, "Wá!" Tó bá dé, màá ju ẹja sí i lẹ́nu: "O káre láé!" Kò pẹ́ tí kò fi síbi tó lè wà ládùúgbò tí mo pè é tí kì í sáré wá. Ẹ wo bí inú mi ṣe ń dùn! Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, kò sí èyí tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pa adìyẹ ìyàwó kátíkíìsì tó múlé tì mí. Adìyẹ ìkórè ni, ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn ní, "Ẹ bá wa máa kíyè sí i, Mà." Ojú tì mí gan-an. Ajá ti sá sábẹ́ igi kòkó lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọmọrogùn pamọ́ sẹ́yìn, mo na ẹja sí i, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é: "Wá, wá, mi ò ní nà ọ́." Bí ìyá mi ṣe máa ń tàn mí nìyẹn, bí èmi náà ṣe tan àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ó ń jùrù bọ̀. Mo gbá a lọ́rùn mú, mo lù ú lálùbami. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi kọ́kọ́ fà á mọ́ra kí n lè rí i nà dáadáa.

Látọjọ́ náà, tí mo bá pè é, á dúró lókèèrè, á máa wojú mi. Mo fi ẹja bẹ̀ ẹ́, mo fi ẹran bẹ̀ ẹ́. Àfi tí mo bá kúrò níbẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró sáàárín títì iwájú ilé wa, ọkọ̀ agbégi ń bọ̀ pẹ̀lú eré. Mo kígbe, "Wá! Jọ̀ọ́, wá!" Ó yíjú sí mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé e kalẹ̀. Awakọ̀ ò rí bíréèkì tẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ń sunkún lórí fóònù. "Ṣé ẹ ò pè é ni, Mọ́mì?"

Mo ní mo pè é.

"Kò gbọ́ yín ni?"

Mo ní, "Ajá tó bá máa sọnù, ṣebí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

Ó wá ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn, ó ní kí n má da ara mi láàmú, mo gbìyànjú. Mo ní ó ṣeun. Irọ́ ni mo pa fún un. Ajá yẹn gbọ́ mi. Ó gbọ́ mi yékéyéké.