Orúnkún Ìyá Atúṣọ

Ìyá Atúṣọ ni àwọn oníbàárà sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ wà. Èmi ni mo ń lọ aṣọ, tí mo sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Bí ojú ìrán bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á tú odindi aṣọ palẹ̀, á tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Èmi tí mò ń ṣa òwú nílẹ̀, ẹ má bi mí.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ wú, dókítà ní kó máa rìn lójoojúmọ́. Bí wíwú náà kò bá rọ̀ títí di ọjọ́ àdéhùn tó máa padà wá, ó di iṣẹ́ abẹ. Ìyá wa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi, ó ba èmi náà.

Ó ra bàtà, ó ń rìn dé òpin àdúgbò ní ìdájí. Ó ń lọ dáadáa títí òjò fi rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Ó ti bà jẹ́. Ó di Mọ́ńdè kí n tó tún bẹ̀rẹ̀."

Mọ́ńdè dé, oníbàárà kan kanlẹ̀kùn kó tó jáde. Ó tún di Mọ́ńdè mìíràn. Bàtà di ilé aláǹtakùn lábẹ́ tábìlì, orúnkún sì ń wú sí i.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan fẹ́ gáùn gígùn, aṣọ tó gbé wá ò sì tó. Ẹ̀gbọ́n mi ò dá a padà. Ó wá èyí tó bá a mu nínú àwọn àjákù, ó fi lẹ ìṣẹ́tí rẹ̀, gáùn náà sì dára gan-an. Inú bí mi.

"Aṣọ tí ò tó, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ò tó, ẹ jù ú nù. Kí ló dé? Ẹ dìde, kẹ́ ẹ yí tábìlì yìí ká."

"Ṣé ìrìn nìyẹn, àbí eré ọmọdé?"

"Ó sàn ju ìjókòó lọ."

Òjò ń rọ̀ lóde. Ó fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, ó dìde.

Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá rọ̀, á yí tábìlì ká. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra òwú dípò kó rán mi. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á kàn máa dìde, á máa jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní ṣe nǹkan kan, bí ilẹ̀ bá mọ́ á máa bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oníbàárà tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa apá aṣọ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e yí tábìlì po, èmi náà tòun ti téèpù lọ́rùn, a ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìjàlọ.

Ọjọ́ àdéhùn pé. Dókítà ká orúnkún náà, ó nà án, ó tún un ká. Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú.

"Màmá, ṣé ojoojúmọ́ lẹ rìn?"

"Rárá o. Mo máa ń pa ọjọ́ mìíràn jẹ. Ṣùgbọ́n mi ò padà síbẹ̀rẹ̀ mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́."

Ara tù mí débi pé mo bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dójú ti òun. Òun náà sì ń nu ojú.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé búláúsì tó ń rán lọ́wọ́, ó rí i pé ojú ìrán wọ́ lápá. Ó mú abẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń retí òwú. Ibi tó wọ́ nìkan ló tú.