Ọ̀dà Tuntun Lára Píkọ́ọ̀pù Mi

Ìyá aránṣọ tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa ní Sabon Gari ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, báàgì mi ṣì wà léjìká, ni ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Bàbá, ọkọ̀ yín ti di ọmọge o." Mo rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni.

Píkọ́ọ̀pù mi ni ó ń sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi í kó páànù àti ìṣó lọ sí àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn jẹ́ kìkì iyanrìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sì rì sínú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí o bá gbọ́ ọ, wàá rò pé àná ni wọ́n ṣe é. Lóòótọ́, ẹ̀gún ti ha á lára káàkiri, ṣùgbọ́n ọ̀dà tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá ló ṣì wà lára rẹ̀. Ní Kánò wa yìí, ìyẹn gan-an ni ẹni tó mọ ọkọ̀ ń wá. Bí o bá kun ọkọ̀ láti orí dé ìdí, wọn á ní ó ti takìtì rí, pé àpá lò ń bò.

Nítorí ojú ìyàwó mi ni mo ṣe fẹ́ tà á. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì ní kí a má fi iṣẹ́ abẹ náà falẹ̀ mọ́. Alhaji kan láti àdúgbò Yankaba gbà láti rà á. Lórí fóònù ni mo ti búra fún un pé ọ̀dà mìíràn kò kàn án rí. Ó ní òun á wá ní Sátidé. Èmi sì lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi n'Ílọrin kí Sátidé tó pé.

Nígbà tí mo padà wọlé ní Sátidé náà, Alhaji ti dé. Ó dúró ti ọkọ̀ kan tí n kò mọ̀, tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Alhaji ṣí ilẹ̀kùn, ó fa rọ́bà etí rẹ̀, ó fi èékánná ha abẹ́ ibẹ̀. Ọ̀dà tuntun bó.

"Ọ̀gá, ibo ló ti takìtì?" Hausa ló fi bi mí, wọ́ọ́rọ́.

Mo ní kò takìtì rí. Mo tún búra. Ó ní ìbúra tí mo ṣe lórí fóònù ńkọ́? Ó dágbére fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ.

Ìyàwó mi jókòó ní fàráńdà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá wọn, ṣé ó ti lọ mú owó wá? Ọwọ́ mi ni mo fi wá gbogbo ibi tí ẹ̀gún ha án. Mo ta aṣọ òkè mi fi san owó pẹ́ńtà, kí ó lè wù wọ́n. Kò sí ojú àpá kankan mọ́, àbí?"

Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá tèmi.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, kí ni ìwọ ìbá sọ fún un?