Ẹni Tí Bàbá Lẹ́tà Kò Sọ Fún

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Lẹ́tà fi pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò, kò sì sí ajá tí kò mọ ìró bàtà rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ìjókòó lásán ti sú u. Ẹ wá wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí bíríkìlà sọ fún un pé òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé mọ́ ààlà kọ̀wé sí àwọn aládùúgbò, kí ó sọ ohun tó fẹ́ kọ́ àti ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí wọ́n jọ pààlà sì fọwọ́ sí i. Ẹlòmíì ì bá ráhùn. Bàbá Lẹ́tà ní tirẹ̀ fọ aṣọ iṣẹ́ àtijọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Yàrá kan ló fẹ́ kọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ̀ wálé níparí oṣù pẹ̀lú ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ ilé tí òun nìkan ń dá gbé kò ju yàrá kan àti pálọ̀ lọ.

Lẹ́tà méjìlá ló kọ. Ó fún onígbàjámọ̀ tirẹ̀ ní ìkángun òpópónà, níbi tí ariwo ṣọ́bìrì kò lè dé láéláé. Ó fún bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di, ó sì ka tirẹ̀ sí i létí títí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Ó tiẹ̀ ti ọ̀kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé láti ọdún méjì. Òfin ni òfin.

Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un náà ló ṣe é: láti ìkángun ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò wá máa bọ̀ nílé. Lẹ́tà Ìyá Télọ̀, tí wọ́n jọ pààlà, ló máa ń gbẹ̀yìn, orí ògiri àárín wọn ló sì ti máa ń nà án sí i. Ògiri ọ̀hún kò ga ju àyà lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ara wọn láàárọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń yá ara wọn ní iyọ̀ àti ìṣáná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun lórí ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà wà nísàlẹ̀ báàgì, kò yọ ọ́. Bàbá Lẹ́tà ṣáà rò pé obìnrin náà ti gbọ́ nígbà tí òun àti bíríkìlà ń wọn ilẹ̀. Kí ló tún kù tí Ìyá Télọ̀ kò mọ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, bíríkìlà gbé dígà sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Maṣíìnì Ìyá Télọ̀ dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ yọ lórí ògiri, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà máa gùn.

"Kí lẹ̀ ń gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Háà, Ìyá Télọ̀! Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ta ló sọ fún mi? Onígbàjámọ̀ ló wá bá mi kẹ́dùn eruku láàárọ̀ yìí. Onígbàjámọ̀, Bàbá Lẹ́tà! Èmi tí dígà yín ń mì lórí àga, ẹnu ẹni tó ń fárí ní ìkángun òpópónà ni mo ti gbọ́!"

Bíríkìlà rọra gbé dígà sílẹ̀. "Bàbá, tí màmá ò bá tíì fọwọ́ sí i, mi ò ní gbẹ́ o. Tó bá sì di ọ̀la tí kò sí ìwé, mo ti gba iṣẹ́ níbòmíì. Ó di oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn."

Oṣù tó ń bọ̀! Ṣé inú báàgì lẹ́tà ni ọmọ tuntun yóò máa sùn ni? Bàbá Lẹ́tà sáré wọlé, ó mú ìwé jáde, ó nà án lórí ògiri. Ìyá Télọ̀ ká ọwọ́ gbera.

"Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba lẹ́tà."

Ni àgbàlagbà bá wọ aṣọ iṣẹ́, ó dé fìlà, ó gba ojú títì yí ká. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, àmọ́ ó ti làágùn kó tó kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Èmi ta?"

"Ìyá Télọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé..."

"Èmi ta?"

"Aládùúgbò yín ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó fún un lága, ó sì ní kó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Báwo ni ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó? Aago mélòó ni wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀? Bí ògiri òun bá sán ńkọ́? Bàbá Lẹ́tà dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ó wá na bírò, obìnrin náà kò gbà á.

"Ẹ má bínú," ni Bàbá Lẹ́tà wí. "Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni."

"Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa mi náà nìyẹn. Ó ti mọ̀." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ìyàwó yín kú, ẹ rán èèyàn sí gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yìí. Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi. Ẹkún yín ni mo gbọ́ lórí ògiri. Mo sáré wá, mo gbálẹ̀, mo dáná fún àlejò, torí èmi ti mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, Bàbá Lẹ́tà. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí, kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ojú ti Bàbá Lẹ́tà, ó sì dùn ún wọra. Ó ṣí fìlà, ó dìde dúró.

"Ìyá Télọ̀, mo wá sọ fún yín ni. Ìyàwó mi ti kú."

Ìyá Télọ̀ fi etí aṣọ bojú, ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni ó wí.

Bí a bá ń sunkún, à á sì máa ríran. Ó nu ojú, ó ní kí Bàbá Lẹ́tà mú bírò wá.