Kànga Tí Kò Wọ Inú Owó Ìrànwọ́

Òórùn ilẹ̀ pupa tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ọ́fíìsì wa ní Sabon Tasha. Kì í ṣe pé òrùlé ń jò o. Àwọn àpò aṣọ tí a fi ń kó òkúta bọ̀ láti inú igbó ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀gá mi á sì máa wọ́n omi sí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ, kó tó fi gíláàsì kékeré yẹ̀ ẹ́ wò. Nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń jó irin ń pa ariwo, àwọn ọkọ̀ tó gba ọ̀nà Kachia ń fọn fèrè. Kò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ ti di ibi ìsinmi fún.

Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Yàgbà ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kaduna gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ láti wá ohun àlùmọ́ọ́nì lórí ilẹ̀ kan níhà gúúsù, ó sì gbà mí láti máa bá a tọ́jú owó. Ó dá a lójú pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì wà ní ilẹ̀ náà. Àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ ti ń dà á láàmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń lé kiri. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe owó. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí n tó lọ."

Ìgbà yẹn la gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ran àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́, pé wọn yóò dá apá kan padà nínú owó tí a bá ná sí ìwákiri. Inú wa dùn. A jókòó, a ro gbogbo ìnáwó wa, Bàbá sì ní kí n fi kànga kan sí i. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kànga náà ti ṣẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó ṣáájú, àwọn obìnrin abúlé tó wà lórí ilẹ̀ yẹn dúró, wọ́n ń wò wá bí a ti ń fi omi inú kẹ́ẹ̀gì wa fọ òkúta. Baálẹ̀ wọn ló wá bá Bàbá, tó bi í pé, "Ruwa fa?" Omi ńkọ́? Ojú ti Bàbá. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ bá wọ abúlé náà, kànga wọn ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́.

A lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láàárín ìlú kí wọ́n lè là á yé wa. Obìnrin Hausa kan ló dá wa lóhùn, híjáàbù rẹ̀ dúdú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kí Bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Sannu da zuwa, Baba," ó sì fún un ní àga tó sún mọ́ fáànù. Ó wá ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Owó tí a bá ná láti mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló wọ inú owó ìrànwọ́ náà: ìrìn àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀, ihò tí ẹ̀rọ bá lù, àyẹ̀wò òkúta, owó iṣẹ́ àwọn tó wà nínú igbó. Owó ìwé àṣẹ kò wọ̀ ọ́. Háyà ọ́fíìsì wa kò wọ̀ ọ́, ọkọ̀ tí a bá rà náà kò wọ̀ ọ́. Ohun tí a sì ti ná kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, a ti ná an gbé nìyẹn.

Mo bi í pé tí a bá wá a títí tí a ò rí nǹkan kan ńkọ́?

Ó ní, "Ó wọ̀ ọ́. Kí ènìyàn mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ìmọ̀ nìyẹn náà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè kànga. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ Bàbá tó wú nínú sálúbàtà. "Kò wọ̀ ọ́, Baba. Ẹ má bínú. Omi kọ́ ni ẹ gba ìwé àṣẹ láti wá."

Nígbà tí a padà dé, àbúrò ìyàwó Bàbá, tó fi owó tirẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, rẹ́rìn-ín sí wa. "Ẹ̀gbọ́n, ihò ni ihò ń jẹ́. Ẹ kọ kànga yẹn mọ́ àwọn ihò ìwákiri. Ta ni yóò wọ inú ilẹ̀ lọ wò ó?"

Bàbá ní, "Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ irú òkúta tó jáde níbẹ̀. Irọ́ ni màá kọ. Ẹlòmíì á ka irọ́ yẹn lẹ́yìn mi, á wá gbẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ lé e lórí."

"Tóò, ẹ jẹ́ ká wá òkúta ná. Tí a bá rí i, a ó gbẹ́ kànga fún wọn."

"Tí a ò bá wá rí i ńkọ́?"

Bàbá ní kí n fa ìlà lé kànga náà lórí nínú ìwé ìnáwó wa, pé òun ni yóò san owó rẹ̀.

Ilẹ̀ kan tí Bàbá ní ní Mando ló tà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀, tí à ń pè ní Mọ́mì, gbọ́. Wọ́n ti fi ojú sí ilẹ̀ yẹn fún ìtọ́jú Bàbá, kò sì sí òmíràn. Mọ́mì kò pariwo. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kíndìnrín yín ńkọ́? Ṣé ará abúlé yẹn ló máa tọ́jú yín ni?" Bàbá ní òun yóò pín owó náà sí méjì, pé ìtọ́jú náà yóò rí tirẹ̀ gbà. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní tó. Nínú ọkàn mi, ẹ̀yìn Mọ́mì ni mo wà. Títí di òní, n kò lè sọ pé kò jàre.

Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí ìwé wa, ẹ̀rọ dé, ó lu kànga kí ó tó lu ohunkóhun. Omi náà kọ́kọ́ jáde bí ẹrẹ̀, ó wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé àwọn ará abúlé yóò hó yèè, àmọ́ wọn ò hó. Ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sínú omi, ó fi nu ojú rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lójú. Bàbá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn ihò ìwákiri tẹ̀lé e. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, Bàbá ti wà lórí ibùsùn. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó tún un kà. Òkúta náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbẹ́ ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. "Ó dáa náà. Mo ti mọ̀ báyìí. Kọ ọ́ bó ṣe rí." Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìjọba san apá tiwọn lórí àwọn ihò òfo yẹn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, Bàbá ti kú.

Mo sá fún Mọ́mì lẹ́yìn ìsìnkú. Òun ló pè mí sínú yàrá, tó di ọwọ́ mi mú. "Mo ṣì ń bínú sí i," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n á ti dárúkọ rẹ̀ tí màá fi tẹrí ba nítorí ìtìjú."

Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe ní Kaduna. Àwọn tó fẹ́ wá ohun àlùmọ́ọ́nì máa ń kó ìnáwó wọn wá bá mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò: èwo ló wọ̀ ọ́, èwo ni kò wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ohun tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ṣe pàtàkì, pé ṣe ni kí ènìyàn fa ìlà lé e lórí, kó gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, mo mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ ìjọba mọ ni wọ́n kàn fi hàn wá. Ohun tó kù níta ṣì wà níbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi irọ́ tì í wọlé, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Nítorí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti fa ìlà tán, mo máa ń bi wọ́n pé, "Èyí tí kò wọ̀ ọ́ yìí, ta ni yóò gbé e?"